Ìdáná oko: bí kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí láíbùrẹ́rì lẹ́yìn rẹ̀

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Lágere gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n ní kí n kọ C láìlo láíbùrẹ́rì C. Ṣé C náà ni mo ṣì ń kọ báyẹn, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í to òǹkà sórí òǹkà?” Ìbéèrè gidi ni. C jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà; láíbùrẹ́rì rẹ̀ ni àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ tí a kàn ń pè. Ohun tó rú u lójú yẹn ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, títí kan àwọn tó ti ń fi kóòdù jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Èdè àti láíbùrẹ́rì ti ń rìn pọ̀ tipẹ́ débi pé ojú ìbejì la fi ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbejì.

Ẹni tó bá ti bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀wàrà rí, tó sì sun àhéré mọ́jú, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á tètè yé e. Nílé, ẹni tó fẹ́ ro àmàlà kò ní ìṣòro kankan. Gáàsì wà nílẹ̀, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, orógùn wà níbi tí wọ́n ń fi í sí. Ká ṣáà gbé ìkòkò kaná ló kù. Tí ẹni yẹn kan náà bá dé oko, ọwọ́ tó fi ń ro àmàlà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò, àfi tó bá wá òkúta mẹ́ta. Kò sí omi, àfi tó bá lọ sódò. Kò sí iná, àfi tó bá ṣẹ́gi.

Èdè ni ìmọ̀ oúnjẹ sísè. Láíbùrẹ́rì ni ilé ìdáná. Ohun kẹta tún wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní runtime: òun ni ẹni tó ti jí ṣáájú yín, tó ti gbálẹ̀, tó ti dáná, tó ti pọnmi, kí ẹ tó wọlé wá ní ẹ fẹ́ dáná. Ẹ kì í rí i, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé kò sí.

Nítorí náà, ẹni tó ń kọ C láìlo láíbùrẹ́rì, C ló ń kọ. “Bí báyìí bá rí báyìí”, “ṣe é títí yóò fi pé mẹ́wàá”, fífi iye pamọ́, ríro iye pọ̀, gbogbo ìwọ̀nyẹn inú èdè ni wọ́n wà, wọ́n sì ń bá a lọ sóko. Ohun tí kò bá a lọ ni printf tó ń kọ̀wé sójú ẹ̀rọ, malloc tó ń yá a ní àyè, fopen tó ń ṣí fáìlì, àti ẹni tó ń pe main, ìyẹn ibi tí ètò tí a kọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àrékérekè tí àwọn ọmọ òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nìyí. Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1972, nígbà tó sì di 1973, wọ́n ti fi C tún Unix kọ. Unix ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, irú iṣẹ́ tí Windows àti Android ń ṣe lónìí. Ẹ rò ó wò: láíbùrẹ́rì ń ní kí ètò olùdarí bá òun ṣí fáìlì, kó bá òun wá àyè. Ta wá ni ètò olùdarí fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀? Dandan ni kí èdè tí a fi kọ ọ́ lè dá dúró. Ìyẹn ló fà á tí òfin C tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 fi pín ibi tí kóòdù ti ń ṣiṣẹ́ sí méjì: ibi tó ti ní onílé tó ń gbà á lálejò, àti ibi tó ti dá dúró. Ní ibi tó ti dá dúró, ìwé mẹ́rin péré ni òfin ọdún náà ní kí kọ̀mpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, fún un: float.h, limits.h, stdarg.h àti stddef.h. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ìkankan nínú wọn ń bá ẹnikẹ́ni ṣe. Wọ́n kàn ń sọ bí òǹkà ṣe lè tóbi tó ni, àti orúkọ tí a ń pe nǹkan. Kódà, òfin náà kò ní kó di dandan pé main ni ètò yóò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tó ní Linux, ètò olùdarí kan bíi Unix, kí ojú wa lè là. A fẹ́ kọ “Ẹ káàárọ̀” sójú ẹ̀rọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú láíbùrẹ́rì, ìlà kan ni, printf ti bá wa parí rẹ̀. Láìsí i, a ó bá Linux sọ̀rọ̀ tààrà. Lórí ẹ̀rọ x86-64, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, prósẹ́sọ̀ ní àwọn àpò kéékèèké nínú. Ẹ fi 1 sínú èyí tí wọ́n ń pè ní rax, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “bá mi kọ nǹkan”. Ẹ tún fi 1 sínú rdi, ìyẹn “ojú ẹ̀rọ ni kó o kọ ọ́ sí”. Ẹ fi àdírẹ́sì ọ̀rọ̀ náà sínú rsi, kí ẹ fi iye báìtì rẹ̀ sínú rdx, kí ẹ wá pàṣẹ syscall, ìyẹn ìpè sí Linux. Ó parí.

Ṣùgbọ́n báìtì mélòó? Ọmọ iṣẹ́ mi ka lẹ́tà, ó ní méjọ, pẹ̀lú àlàfo àárín. Ó fi 8 síbẹ̀. Ohun tó jáde kò pé, ó gé lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́ ní UTF-8, ìlànà tó fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, lẹ́tà “Ẹ” gba báìtì mẹ́ta. Àlàfo, k àti r gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á, à, á gba méjì méjì. Ọ̀ ìparí yẹn gba márùn-ún, nítorí pé lẹ́tà àti àmì ohùn orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 17 ni. Tó bá tún jẹ́ pé bọ́tìnnì ìkọ̀wé yín ń ya àmì ohùn gbogbo fáwẹ́lì sọ́tọ̀, á di 20. Láíbùrẹ́rì ló ti ń bá wa ka nǹkan wọ̀nyí láti ọjọ́ yìí wá, a ò sì mọ̀. Èmi fẹ́ràn kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ kóòdù ṣe àdánwò kékeré yìí lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ẹni tó bá ti ṣe é kò tún ní kọ ètò tó ń gé orúkọ àwọn èèyàn wa sí méjì.

Ìdẹkùn kejì ṣì wà níbẹ̀. Bó ṣe kọ “Ẹ káàárọ̀” tán, ó fi return parí iṣẹ́ bó ti máa ń parí main. Ẹ̀rọ pariwo pé “Segmentation fault”. Kí ló dé? Nígbà tí láíbùrẹ́rì wà, ibi kan tó ń jẹ́ _start ló kọ́kọ́ jí. Òun ló pe main, òun náà ló sì ń gba èsì lọ́wọ́ main, tó ń sọ fún Linux pé iṣẹ́ ti parí. Ní báyìí, àwa gan-an la kọ _start. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́, ta la fẹ́ padà lọ jẹ́ ẹ fún? Prósẹ́sọ̀ wo orí stack, ìyẹn òkìtì tí ètò ń to àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ sí, ó bá òǹkà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe àdírẹ́sì rárá. Iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú àṣẹ tí a fi pe ètò náà ni Linux gbé síbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ilé, ó sì wọ kòtò. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká fi 60 sínú rax, ká pàṣẹ syscall lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtumọ̀ 60 ni “mo ti parí, ẹ gbà mí kúrò”.

Lórí Linux, a ṣì ní onílé. Oko gidi ni bọ́ọ̀dù kékeré tí kò ní ètò olùdarí kankan. Èyí tí mo ń lò jù ni èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Blue Pill, tó gbé chip STM32F103C8 sórí: 64 kílóbáìtì fún kóòdù, 20 kílóbáìtì fún iṣẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ yà sínú fóònù kò lè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí iná bá dé ara chip yìí, ohun méjì péré ló mọ̀ láti ara wá. Ó ka báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ láti mọ ibi tí stack ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ka mẹ́rin tó tẹ̀ lé e láti mọ ibi tí kóòdù àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà, ó fò síbẹ̀. Ohun gbogbo tó kù di ọwọ́ yín. Ẹ rántí pé C ti ṣèlérí fún ẹni tó ń kọ ọ́ pé àpótí iye tó wà fún gbogbo ètò, bí ẹnikẹ́ni kò bá fi nǹkan kan sínú rẹ̀, 0 ni yóò wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n sì fi 25 sí, 25 ni yóò bá níbẹ̀. Èdè ló ṣèlérí, ṣùgbọ́n kóòdù ìjí, ìyẹn èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú main, ló ń mú ìlérí ṣẹ. Òun ló ń kó 25 láti inú ìfipamọ́ wá sí ibi iṣẹ́, òun náà ló sì ń nu ibi tó yẹ kó jẹ́ 0. Bí ẹ bá ti ju láíbùrẹ́rì sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè ìlérí yẹn.

Mo sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyá kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ní kí n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa darí pọ́ǹpù kànga òun. Bí pọ́ǹpù bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí omi kò jáde, ẹ̀rọ náà yóò tì í pa kó má bàa jóná, yóò sì fi 1 sínú àpótí kan láti rántí pé òun ti tì í. Mo sọ fún màmá náà pé, “Ẹ máa, tó bá ti ti ara rẹ̀, ẹ pa á ní ṣíwíìṣì kí ẹ tan án padà, á gbàgbé.” Lórí tábìlì mi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìsí àléébù.

Kò pẹ́ tí mo gbé e débẹ̀ ni wọ́n pè mí. “Bọ̀ọ̀dá, mo ti pa á, mo ti tan án, kò dá mi lóhùn. Ọmọ gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé kejì.” Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo padà sílé. Wọ́n tún pè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó tì í, mo sì rí i pé bí wọ́n bá pa á fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tan án, ara rẹ̀ yá. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé wọ́n pa á, wọ́n sì tan án lójú ẹsẹ̀, tàbí tí iná ìjọba kàn ṣẹ́jú lásán, títì ló ń tì síbẹ̀. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ chip náà, mo wo inú àpótí yẹn, mo bá 1 níbẹ̀. Iye àná ni.

Èmi fúnra mi ni mo kọ kóòdù ìjí rẹ̀. Mo kọ apá tó ń kó iye wá, mo gbàgbé apá tó ń nu. Ibi iṣẹ́ inú chip kì í sì gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀ kíá bí iná bá lọ. Ó máa ń kú díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹyín iná tí a kò bu omi pa. Tí iná bá tètè padà, á bá ohun tó wà níbẹ̀ níbẹ̀. Lórí tábìlì mi, mo máa ń yọ wáyà, máa jẹun, máa padà wá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i. Ìlà mẹ́rin ni mo fi tún un ṣe: bẹ̀rẹ̀ láti àdírẹ́sì yìí, fi 0 síbẹ̀, bọ́ sí èyí tó kàn, títí dé àdírẹ́sì yẹn. Mo bẹ màmá náà, wọ́n sì dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ẹ̀rọ kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì kọ́kọ́ pa á kí n tan án kíákíá ní ìgbà ogún, bí iná ṣe máa ń ṣe sí wa nílé.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Wọn ò pe memcpy rárá, síbẹ̀ kọ̀mpáílà yóò ní òun ń wá memcpy, òun ò rí i. Irọ́ kọ́. Tí ẹ bá fi àmì “=” da odindi ìdì àwọn iye kan kọ sínú ìmíràn, kọ̀mpáílà lè rò ó pé ó yá jù kí òun pe ẹni tó ń da nǹkan kọ. Kódà níbi tí kóòdù ti dá dúró, GCC, kọ̀mpáílà C kan, ń retí pé kí ẹ bá òun pèsè mẹ́rin: memcpy, memmove, memset àti memcmp. Ẹ kọ wọ́n fúnra yín, wọn ò gùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi memset. Ẹ kọ ọ́ pé “fi iye yìí sínú báìtì kọ̀ọ̀kan títí dé ìparí”. Tí ẹ bá ní kí GCC mú kóòdù náà yára gan-an, ó lè wò ó, kó ní, “Áà, memset lẹni yìí ń ṣe,” kó sì fi ìpè sí memset rọ́pò rẹ̀. Memset wá ń pe ara rẹ̀, kò lópin, títí stack yóò fi kún. Mo ti rí ẹni tó lo ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Àṣẹ tó ń dá kọ̀mpáílà lẹ́kun níbẹ̀ gùn, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri: -fno-tree-loop-distribute-patterns.

Ẹ má sì jẹ́ kí àṣẹ -nostdlib tàn yín. Ó ń lé láíbùrẹ́rì C lọ, ó sì ń lé libgcc náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, libgcc kì í ṣe ilé ìdáná. Ọ̀bẹ inú àpò kọ̀mpáílà ni. Blue Pill kò ní ẹ̀yà ara tó ń ṣírò òǹkà onídẹ́símà. Bí ẹ bá fi 2.5 sọ 3 di púpọ̀, libgcc ni yóò bá yín ṣe é. Ẹ fi -lgcc dá a padà.

Ní ti malloc, n kò ní pẹ́ níbẹ̀: nínú 20 kílóbáìtì, èmi kì í yá àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti pín ilẹ̀ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù mọ ààlà rẹ̀.

Àwọn tó ń lo Rust, èdè ìkọ̀ètò mìíràn, ní ìtura ju àwa oní-C lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti pín láíbùrẹ́rì wọn sí ìpele mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni core, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Alloc wà lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ kí ẹnì kan fún òun ní àyè. Std ló wà lókè, òun ló nílò ètò olùdarí. Ẹni tó bá kọ #![no_std] sókè fáìlì rẹ̀, std nìkan ló jù sílẹ̀, core ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n á bi í ni pé: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bí ètò bá fẹ́ mú nǹkan kọjá ìparí àtòjọ, kí ni ká ṣe? Nílé, std á kọ ẹ̀hónú sójú ẹ̀rọ, á sì pa ètò náà. Lóko, kò sí ojú ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ̀yin lẹ ó kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú ẹ̀rọ pọ́ǹpù, èsì tèmi ni pé kí pọ́ǹpù kú lákọ̀ọ́kọ́ ná.

Linux fúnra rẹ̀, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, báyìí náà ló ṣe ń gbé. Kò sí láíbùrẹ́rì C nínú rẹ̀. Ó ní printk tirẹ̀ dípò printf, kmalloc tirẹ̀ dípò malloc. Nígbà tí wọ́n sì gba Rust wọlé ní Linux 6.1, ní oṣù Kejìlá 2022, std kò bá a wọlé.

Ṣé gbogbo ètò ló wá yẹ ká kọ báyìí? Rárá o. Ẹni tó ń ṣe ètò owó ilé ìwé, kó dúró nílé, kó lo gáàsì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́ pé kóòdù tí kò ní láíbùrẹ́rì máa ń yára ju èyí tó ní lọ. Àwọn tó kọ memcpy inú glibc, láíbùrẹ́rì C kan lórí Linux, ti lo ọdún mélòó kan lórí rẹ̀, èyí tí ẹ fi ìlà mẹ́ta kọ kò lè sáré tó o. Ibi tí èyí ti wúlò ni ibi tí kò sí onílé: bọ́ọ̀dù kékeré, ètò olùdarí fúnra rẹ̀, àti kóòdù tó ń jí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì.

Ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù kékeré tó wà lára Blue Pill, èyí tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ PC13. Kóòdù rẹ̀ dára, iná kò tàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó bi ara rẹ̀ pé ta ló máa ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un tẹ́lẹ̀. Lára chip yìí, gbogbo ẹ̀yà ara ló ń sùn títí ẹnì kan yóò fi jẹ́ kí aago, ìyẹn ìlù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, dé ọ̀dọ̀ wọn. Àdírẹ́sì 0x40021018 ni ìlẹ̀kùn náà, bíìtì kẹrin níbẹ̀ sì ni ti ẹ̀yà C (kì í ṣe èdè C, ibi tí ẹsẹ̀ PC13 wà ni), tí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Ó fi ìlà kan kún un. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Fáìlì náà kò tó kílóbáìtì kan, ó sì lè nawọ́ sí báìtì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kó sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ó wá bi mí bóyá òun lè gbé ibi tí stack ti bẹ̀rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Mo ní kó gbé e, kó wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.